Ohun Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Ìwádìí Lórí Àìsàn Ilé-Ẹyin Obìnrin

Ní ọdún 1721, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Ítálì, Antonio Vallisneri, kọ àkọsílẹ̀ ṣókí nípa obìnrin kan. Obìnrin oko ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, ó ti wà nílé ọkọ, ó sanra díẹ̀, kò sì rọ́mọ bí. Vallisneri ní ilé-ẹyin rẹ̀ méjèèjì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ara wọn rí gbágungbàgun, wọ́n funfun, wọ́n sì ń dán bí ẹyin ẹyẹlé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló kọ sílẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìṣègùn máa ń tọ́ka sí gbólóhùn wọ̀nyẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ nípa àìsàn tí à ń pè ní PCOS lónìí. Lẹ́tà mẹ́rin náà dúró fún orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan tó túmọ̀ sí àìsàn ilé-ẹyin tó kún fún àpò omi. Bí a bá kó obìnrin mẹ́wàá tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sì sọ pé nínú àwọn tó ní in káàkiri ayé, iye wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni pé: kí ló dé tó fi gba àwọn onímọ̀ ju 250 ọdún lọ, láti ìgbà Vallisneri, kí wọ́n tó rí ìdí pàtàkì kan tó wà lẹ́yìn àìsàn náà? Ìdáhùn mi ni pé ojú ni wọ́n fi ń wá ohun tí ojú kò lè rí. Ìgbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n lè fi wọn ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ìtàn náà fi kan àwa tí à ń gbé níhìn-ín.

Kí ìtàn náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé-ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé-ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Inú wọn ni ẹyin wà, olúkúlùkù nínú àpò kékeré tirẹ̀. Lóṣooṣù, kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí ilé-ẹyin láti inú ẹ̀jẹ̀. Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní họ́mọ̀nù. Nígbà tí ìránṣẹ́ náà bá dé, àpò mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló sábà máa ń gbó, tí á bẹ́, tí á sì tú ẹyin sílẹ̀. Bí ẹyin náà bá pàdé àtọ̀ ọkùnrin, oyún lè dé. Bí oyún kò bá dé, nǹkan oṣù á wá. Nínú ara ẹni tó ní PCOS, àpò púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ oṣù, kò sí èyí tó ń gbó. Ó dà bí iṣu tó yọ ewé dáadáa lókè, tí kò ta nínú ebè. Àwọn àpò tí kò gbó yìí ló ń dúró jọ sínú ilé-ẹyin, tí wọ́n ń mú kó rí gbágungbàgun. Nítorí náà, ohun tí Vallisneri rí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n àbájáde àìsàn ló rí. Kò rí ohun tó fà á.

Kò sì sí bó ṣe lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà, họ́mọ̀nù, kò tíì sí nígbà náà. Ernest Starling, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló lò ó nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn dókítà sọ ní ọdún 1905. Ní ọdún 1902, òun àti William Bayliss ti fi hàn pé ẹ̀yà ara kan lè pàṣẹ fún òmíràn tó jìnnà sí i nípa títú nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára nìkan ló ń gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọdún kan wà tó yẹ ká dúró wò dáadáa: ọdún 1921. Ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà ní ìlú mẹ́ta tó jìnnà síra wọn. Ní Paris, dókítà méjì, Charles Achard àti Joseph Thiers, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tó hu irùngbọ̀n tí wọ́n sì tún ní àtọ̀gbẹ. Ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí insulin fà yọ, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní New York, ní oṣù Keje, ìdílé kan tí kò rí já jẹ bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rosalyn. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdí wà tí irùngbọ̀n àti àtọ̀gbẹ fi pàdé lára obìnrin kan náà. Inú insulin ni ìdí náà wà, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní New York yẹn ló sì máa wá ọ̀nà tí a ó fi rí i. Ṣùgbọ́n ní 1921, kò sẹ́ni tó lè so ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ìmọ̀ nípa họ́mọ̀nù ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1929, Edward Doisy ní Amẹ́ríkà àti Adolf Butenandt ní Jámánì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, rí ọ̀kan lára àwọn họ́mọ̀nù obìnrin fà yọ. Inú ìtọ̀ àwọn aláboyún ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò rọrùn rárá. Wọ́n á fún eku ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ tàbí èròjà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, wọ́n á dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì wo ohun tó yí padà nínú ara eku náà. Ojú náà ni wọ́n ṣì ń lò.

Ní ọdún 1935 ni àìsàn yìí wá ní orúkọ. Dókítà méjì ní Chicago, Irving Stein àti Michael Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin méje. Nǹkan oṣù wọn kì í wá déédéé tàbí kó má wá rárá, ilé-ẹyin wọn tóbi, àpò kéékèèké sì kún inú rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn hu irun níbi tí obìnrin kì í sábà hu irun. Àwọn dókítà náà gé díẹ̀ lára ilé-ẹyin láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé nǹkan oṣù àwọn tí wọ́n gé náà padà wá. Èyí ló mú kí wọ́n máa fi iṣẹ́ abẹ gé apá tó pọ̀ nínú ilé-ẹyin kúrò. Nǹkan oṣù àwọn méjèèje padà, àwọn méjì sì lóyún.

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ó sì tàn kálẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń pe àìsàn náà ní orúkọ Stein àti Leventhal. Stein àti Leventhal rò pé ńṣe ni àwọn àpò náà ń fún ara wọn mọ́ra tí ẹyin kò fi rọ́nà jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e kúrò. Fún bí ọgbọ̀n ọdún, ọ̀bẹ ni ìtọ́jú tó lókìkí jù fún PCOS. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa dá àpá sílẹ̀. Lára àwọn obìnrin kan, àpá tó kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà lẹ àwọn ẹ̀yà ara inú ikùn mọ́ra, ó sì tún di ìdíwọ́ mìíràn fún oyún tí wọ́n ń wá. Mi ò sọ èyí láti bú àwọn dókítà náà. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n tọ́jú, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń ro oko tí kò hú gbòǹgbò èpò, èpò náà á tún hù.

Ibi tí ọmọbìnrin New York yẹn ti wọ inú ìtàn nìyí. Rosalyn Yalow ni orúkọ tó wá ń jẹ́ lẹ́yìn tó lọ́kọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún 1941, ṣùgbọ́n nítorí pé obìnrin ni, àti pé Júù ni, àwọn kan kò gbà pé ó lè ríṣẹ́ ṣe nídìí ìmọ̀ náà. Wọ́n ní kó kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, kó máa bá onímọ̀ kan tẹ̀wé. Ogun Àgbáyé Kejì ló ṣílẹ̀kùn fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ sójú ogun, àyè sì ṣí sílẹ̀ ní yunifásítì. Nígbà tó dé Yunifásítì Illinois, òun nìkan ni obìnrin láàárín irinwó (400) ènìyàn tó wà ní ẹ̀ka tó wọ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Bronx, ní New York. Níbẹ̀ ni òun àti dókítà kan, Solomon Berson, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀ ní 1950. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ara àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin máa ń ṣe àwọn ọmọ ogun kéékèèké tó ń di insulin náà mú. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ní 1955, wọ́n dá a padà, nítorí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà kò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Yalow tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ náà pamọ́. Ó fi hàn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ níbi tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Berson kò sí níbẹ̀, ó ti kú ní 1972.

Láti ara ohun tí àwọn yẹn kò gbà gbọ́ ni Yalow àti Berson ti rí òṣùwọ̀n tuntun. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ dánfó ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní dánfó kan ní àga mẹ́rìnlá. Èrò mẹ́rìnlá tó dé fìlà pupa wà ní ibùdókọ̀, a mọ iye wọn. Èrò mìíràn tí kò dé fìlà náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ iye wọn. Gbogbo wọn jọ ń du àga. Nígbà tí ọkọ̀ bá kún, a kan máa ka àwọn onífìlà pupa tó ráyè jókòó ni. Bí wọ́n bá jẹ́ méjìlá, a jẹ́ pé àwọn tí kò dé fìlà kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì péré, a jẹ́ pé àwọn tí kò dé fìlà pọ̀ lọ súà. Àwọn ọmọ ogun ara ni àga. Insulin tí Yalow fi ohun tó ń tú ìtànṣán sí lára ni onífìlà pupa. Insulin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni èrò tí kò dé fìlà. Ẹ̀rọ lè ka ìtànṣán náà, nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n lè mọ iye insulin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Wọn kò tún nílò eku.

Yalow àti Berson kò gba ìwé àṣẹ oníhun-ún lórí ọ̀nà náà. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn oríṣiríṣi họ́mọ̀nù mìíràn, títí kan họ́mọ̀nù tó ń bá ilé-ẹyin sọ̀rọ̀. Ohun kan tún wà tí Yalow àti Berson fi hàn ní 1960 tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, insulin kò dín. Ó wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ, ṣùgbọ́n ara kò dá a lóhùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn tí onílé kò ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹni náà á máa kàn án kíkankíkan.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, ilẹ̀kùn PCOS ṣí. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Tennessee ní Amẹ́ríkà, Burghen, Givens àti Kitabchi, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní PCOS. Wọ́n rí i pé insulin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti pé bí insulin ṣe ń pọ̀ ni họ́mọ̀nù akọ náà ń pọ̀. Àwọn kan lè sọ pé sísanra ló fà á. Ṣùgbọ́n ní 1989, Andrea Dunaif, dókítà obìnrin kan ní New York, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé ara àwọn tó ní PCOS kì í dá insulin lóhùn dáadáa, yálà wọ́n sanra tàbí wọn kò sanra.

Àwọn obìnrin Paris tó ní irùngbọ̀n àti àtọ̀gbẹ ní 1921 ti wá ní àlàyé. Bí ara kò bá dá insulin lóhùn, insulin á máa pọ̀ sí i. Bó bá ti pọ̀ jù, á ti ilé-ẹyin láti máa ṣe họ́mọ̀nù akọ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo obìnrin ló ní họ́mọ̀nù akọ díẹ̀ lára. Bó bá pọ̀ jù ni irun máa ń hù lágbọ̀n, tí ojú máa ń sú irorẹ́, tí ẹyin kò sì ń gbó. Ìyẹn nìkan kọ́ ló wà nídìí àìsàn náà o. A tún lè jogún rẹ̀, ìránṣẹ́ tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá náà a sì máa yí padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìtọ́jú náà yí padà. Ní ọdún 1961, Robert Greenblatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Georgia ní Amẹ́ríkà ròyìn pé oògùn kan tó ń jẹ́ clomiphene lè mú kí ẹyin gbó lára obìnrin tí ẹyin rẹ̀ kì í gbó. Oògùn oníhóró ni, kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ní ọdún 2014, ìwádìí kan tí wọ́n fi 750 obìnrin tó ní PCOS ṣe ní Amẹ́ríkà fi clomiphene wé oògùn mìíràn, letrozole. Nínú àwọn tó lo letrozole, 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló bímọ láàyè, nígbà tí ti clomiphene jẹ́ 19.1. Letrozole ni àwọn dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ yàn báyìí fún obìnrin tó ní PCOS tó ń wá oyún. Ó yẹ ká ka èyí dáadáa: níní PCOS kò túmọ̀ sí pé obìnrin kò ní bímọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bímọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bí láìlo oògùn kankan.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá àìsàn náà mọ̀ yí padà pẹ̀lú. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ pàdé ní Rotterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Wọ́n fẹnu kò pé ohun mẹ́ta ni kí wọ́n máa wò: àìwá nǹkan oṣù déédéé, họ́mọ̀nù akọ tó pọ̀ jù, àti ilé-ẹyin tó kún fún àpò nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ síkáànì wò ó. Bí méjì nínú mẹ́ta bá wà, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tó fà á, PCOS ni. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: obìnrin lè ní àìsàn náà kí ilé-ẹyin rẹ̀ má sì rí gbágungbàgun rárá. Ohun tí Vallisneri rí tí wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ kì í ṣe dandan mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ìgbìmọ̀ kan tí àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ sọ pé orúkọ PCOS ń ṣini lọ́nà, pé ó yẹ kí wọ́n wá òmíràn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nínú gbogbo èyí. Mo ní àǹtí kan, àbúrò màmá mi. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ. Mo ti lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, mo sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó máa ń fá irun àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Àwọn kan ládùúgbò ní obìnrin tó bá nírùngbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Àwọn mìíràn ní ó ń jẹun jù. Ẹbí ọkọ sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ ìyàwó mìíràn wálé. Ọ̀pọ̀ àgbo ló mu, ọ̀pọ̀ òru ló fi gbààwẹ̀. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọdún kẹjọ ni nọ́ọ̀sì kan gbà á níyànjú pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò. PCOS ni, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń ga. Ó ti ń gba ìtọ́jú báyìí. Ọmọ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ó sọ fún màmá mi pé òun ti ń sùn lóru, nítorí òun ti mọ ohun tó ń ṣe òun.

Gbólóhùn yẹn ló mú mi lọ ka ìtàn yìí. Bí mo sì ṣe ń kà á, mo rí i pé ojú ni gbogbo ẹni tó ń dá àǹtí mi lẹ́bi ń lò. Wọ́n rí irùngbọ̀n, wọ́n dájọ́. Wọ́n rí i pé ó sanra, wọ́n dájọ́. Wọ́n rí i pé kò pọ̀n ọmọ, wọ́n pè é ní àgàn. Vallisneri sàn jù wọ́n lọ, nítorí ó kàn kọ ohun tó rí ni, kò dá obìnrin oko yẹn lẹ́bi. Òṣùwọ̀n tí Yalow àti Berson gbé kalẹ̀ ti ju ọgọ́ta ọdún lọ. Àyẹ̀wò họ́mọ̀nù wà ní àwọn ìlú ńláńlá wa. Àwọn dókítà wa náà mọ iṣẹ́ yìí: ní ọdún 1989 ni wọ́n ti bí ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ nípa IVF ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, LUTH, láti ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru. Ìmọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu wa ni kò tíì yí padà.

Èdè wa ní orúkọ fún obìnrin tí kò bímọ, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ orúkọ tí a ń pe ọkùnrin tí kò lè fún obìnrin lóyún, tí a ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba? Bẹ́ẹ̀ ni WHO sọ pé ìṣòro àìrọ́mọbí lè wá láti ara ọkùnrin, láti ara obìnrin, tàbí láti ara àwọn méjèèjì, àti pé bí ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ló ń pàdé rẹ̀. Ó yẹ kí tọkọtaya jọ lọ fún àyẹ̀wò ni. Kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ru ẹrù ẹni méjì.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi pẹ̀lú. Bí nǹkan oṣù wa kò bá tò ní ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ara ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bó bá ti lé ní ọdún kan tó ti bẹ̀rẹ̀, tó wá ń lo ju 90 ọjọ́ lọ kó tó wá, tàbí tí ọmọ bá pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún màmá yín, nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí dókítà. Ẹ má ṣe fúnra yín sọ pé PCOS ni nítorí irorẹ́. Ìtọ́sọ́nà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2023 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi síkáànì ilé-ẹyin sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin ní PCOS, nítorí àpò púpọ̀ sábà máa ń wà nínú ilé-ẹyin ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Wíwò kò tó, àfi àyẹ̀wò. Bó bá sì jẹ́ òun ni, tí a tètè mọ̀, a ó lè ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa, a ó máa fi eré ìdárayá àti oúnjẹ tó dára ran ara lọ́wọ́, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí délẹ̀.

Àwọn obìnrin méje ti Chicago, àwọn obìnrin Paris, obìnrin oko ilẹ̀ Ítálì yẹn: ohun kan náà ló so wọ́n mọ́ àwọn obìnrin àdúgbò wa. Àìsàn wọn kì í ṣe ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni, a sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí obìnrin tí kò tíì bímọ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ọkọ rẹ̀ náà wò. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, kó ràn wọ́n lówó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn.